Àdín Inú Ọmú: Bí Ẹ̀kọ Gbígbóná Ṣe Ń Di Ọ̀rá fún Ọmọ

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti jẹ́ àṣà àwọn ìyá wa pé bí obìnrin bá ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, tí a gbọ́ ohùn ìyá, tí a gbọ́ ohùn ọmọ, tí wọ́n sì ti rí ibi ọmọ sin, ohun tí ó kàn ni kí ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó gbé omi kaná, kí ó po ògì rẹ̀ di ẹ̀kọ gbígbóná tí kò ki jù tí kò sì ṣàn jù, kí ó sì jókòó ti abiyamọ náà títí yóò fi mu ún kan ìsàlẹ̀ igbá, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń wí, ẹ̀kọ gbígbóná ni í pe omi sínú ọmú. Ẹni tí ó ka ìwé díẹ̀ lè fẹ́ fi èyí rẹ́rìn-ín, kí ó ní, kí ni ó wà nínú ògì bí kò ṣe àgbàdo lílọ̀ àti omi, níbo ni ọ̀rá yóò ti jáde nínú rẹ̀ tí ọmọ yóò fi sanra? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń kó ẹ̀rí jọ pé ọmú abiyamọ mọ bí a ti ń sọ ìyẹ̀fun di ọ̀rá, àti pé ọ̀rá tí ó ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ara ìyá ń ṣe fún ara rẹ̀, bí kò ṣe oríṣi kan tí ó yà sọ́tọ̀ fún ọmọ.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó. Nínú lítà kan omi ọmú obìnrin, ọ̀rá ibẹ̀ a máa tó gíráàmù 35 sí 40, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì gbogbo agbára tí ọmọ ń rí nínú omi náà. Bí ọmọ tí ó ń mu ọmú nìkan bá sì mu ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣe, a jẹ́ pé nǹkan bí gíráàmù 30 ọ̀rá ni ìyá rẹ̀ ń pèsè fún un láti òwúrọ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìbáà ti sùn, ìbáà má sùn. Ti ẹranko kò bára dọ́gba. Ọ̀rá inú wàrà ẹṣin kò ju nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí ẹran omi kan tí wọ́n ń pè ní hooded seal, tí ń bímọ sórí yìnyín ní ìhà àríwá Òkun Àtìláńtíìkì, a máa fún ọmọ rẹ̀ ní wàrà tí ọ̀rá kó nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tí ọmọ náà yóò sì já lẹ́nu ọmú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin péré.

A ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kan kò wọ ọmú. Ọ̀nà kìíní ni ti ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá tí ìyá jẹ nínú ọbẹ̀, àti èyí tí ó ti kó pamọ́ sí ìbàdí àti itan láti ìgbà oyún, ẹ̀jẹ̀ ni í gbé wọn kiri. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ṣù mọ́ra nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n tóbi ju ohun tí ó lè gba ara sẹ́ẹ̀lì wọlé lọ, àfi kí ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní lipoprotein lipase kọ́kọ́ fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́ lára ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ́ńsáìmù, kí ọ̀rọ̀ náà má baà ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni, ni a ń pe àwọn èròjà inú ohun ẹlẹ́mìí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ iṣẹ́ kan pàtó, tí í sọ ohun kan di òmíràn kíákíá láì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ run sínú iṣẹ́ náà. Òun ni itọ́ fi ń sọ iyán di ohun dídùn lẹ́nu bí a bá jẹ ẹ́ pẹ́, òun náà ni ó sì wà nídìí gbogbo ohun tí a ó sọ lónìí.

Nípa lipoprotein lipase yìí, ohun kan wà tí ó yà mí lẹ́nu ju ìyókù lọ. Kí obìnrin tó bímọ, ibi tí ẹ́ńsáìmù yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù ni àwọn ibi tí ara ń kó ọ̀rá pamọ́ sí, tí ó ń gba ọ̀rá lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń fi í ṣe ìfipamọ́. Ṣùgbọ́n nínú ara eku tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, bí ó bá ti bímọ tán, tí omi ara tí ń jẹ́ prolactin sì ti gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà a lọ sílẹ̀ níbi ìfipamọ́, a sì gbéra sókè nínú ọmú, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rá kan náà tí ìbá yà sí ìbàdí ìyá yóò kọjá lọ tààrà sẹ́nu ọmọ. A máa ń pa á lówe pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ẹ wá rí i bí ìyá eku, tí òun àti òkété jẹ́ ìbátan, ti ń fi ọ̀rá ara rẹ̀ san ọ̀yà yẹn sílẹ̀ kí ọmọ tó la ojú.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí mo tìtorí rẹ̀ mú gègé: pé ọmú fúnra rẹ̀ ń ṣe ọ̀rá. Ní ilé ìwádìí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ wàrà ní Shinfield, lẹ́bàá ìlú Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, S. J. Folley àti T. H. French, ní ìparí àwọn ọdún 1940, gé èlà tín-ín-rín nínú ọmú ẹran tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n fi í sínú ìgò tí wọ́n ti rọ omi àti oúnjẹ sí, wọ́n sì ń wọn afẹ́fẹ́ tí èlà náà ń gbà sínú àti èyí tí ó ń tú síta. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé ọmú eku àti ti ehoro, bí a bá fún un ní ṣúgà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀rá wuuru, ṣùgbọ́n ọmú àgùntàn àti ti ewúrẹ́ kò ka ṣúgà yẹn sí. Ohun tí àwọn ń fẹ́ ni acetate, irú èròjà tí ó mú ọtí àgọ̀tì kan lẹ́nu. Ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ ni wọ́n, àwọn kòkòrò tí kò ṣé fojú rí nínú àpòlúkù wọn a sì máa sọ koríko di acetate kí ó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì àti George Popják, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, fi abẹ́rẹ́ gún acetate tí wọ́n ti sàmì sí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sára ewúrẹ́ kan tí ó ní wàrà lọ́mú. Wọ́n ń fún wàrà rẹ̀, wọ́n ń ya ọ̀rá ibẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì rí àmì náà nínú ọ̀rá, pàápàá jù lọ nínú àwọn oríṣi ọ̀rá tí okùn wọn kúrú. Ìròyìn ìdánwò yìí jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, láti ìgbà náà ni kò sì ti sí ìyàn lórí rẹ̀ mọ́ pé ọmú ń ṣe ọ̀rá fúnra rẹ̀.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ ewúrẹ́, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ewúrẹ́ kúkúrú ìhà tiwa yìí, alágbààlá-ò-gbà-á, tí í jẹ èèpo iṣu onílé tí í tún jẹ ti àlejò, tí a kì í sì í rò ju ẹran ọdún àti ẹran ìnáwó lọ, irú rẹ̀ tí wọ́n kó dé Amẹ́ríkà ti di ẹran wàrà pàtàkì lọ́hùn-ún. Nigerian Dwarf ni wọ́n ń pè é, ìdí tí wọ́n sì fi ń sáré sí i ni pé ọ̀rá inú wàrà rẹ̀ a máa tó nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù kò lè dá láṣà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ abiyamọ tí ó mu ẹ̀kọ. Ìfun ti sọ ẹ̀kọ náà di ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ti gbé ṣúgà dé inú sẹ́ẹ̀lì ọmú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gé e kù, tí wọ́n ń gé e kù, títí ó fi di ègé kékeré tí kábọ́ọ̀nù méjì péré wà nínú rẹ̀, tí a ń pè ní acetyl-CoA. Ìpín méjì ni ó wà níwájú ègé yìí: yálà kí ara jó o kí ó fi rí agbára ojúmọ́, tàbí kí wọ́n so ó mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó di ọ̀rá. Ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ acetyl-CoA carboxylase ni ó dúró sí ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà, bí oníbodè ayé àtijọ́ tí ń bẹ lẹ́nu ìloro ìlú, tí ẹrù kan kò gbọdọ̀ kọjá láì jẹ́ pé ó fi àmì tirẹ̀ sí i. Ègé tí oníbodè yìí bá sì ti fi àmì sí, kò tún sí iṣẹ́ mìíràn fún un nínú sẹ́ẹ̀lì ọmú ju kí ó di ọ̀rá lọ.

Bí wọ́n ti ṣe rí oníbodè yìí gan-an jẹ́ ìtàn tí ó dùn. Salih Wakil, ọmọ bíbí Karbala ní ilẹ̀ Ìráàkì, wà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi omi tí wọ́n fún jáde láti inú ẹ̀dọ̀ ẹyẹlé ṣe ọ̀rá nínú ìgò, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé bí kò bá sí bicarbonate nínú ìgò náà, èyí tí afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta ń dà bí ó bá wọ inú omi, ẹyọ ọ̀rá kan kò ní jáde. Nígbà náà ni wọ́n wá sàmì sí kábọ́ọ̀nù inú bicarbonate yìí, wọ́n ṣe ọ̀rá, wọ́n wá àmì náà nínú ọ̀rá kanlẹ̀, wọn kò rí i. Ohun tí iṣẹ́ kò lè ṣe láìsí i, tí a kò sì rí nínú iṣẹ́ bí ó bá parí, kí ni ìyẹn? Ní ọdún 1958 ni wọ́n tú àlọ́ náà: oníbodè a máa lo fítámì kan tí ń jẹ́ biotin, èyí tí ó wà nínú ẹyin àti ẹ̀dọ̀ ẹran, láti fi mú kábọ́ọ̀nù kan lé orí méjì kí ó di mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní malonyl-CoA, ní àkókò tí a bá sì fẹ́ so ègé náà mọ́ okùn ọ̀rá, kábọ́ọ̀nù àlejò yìí a bọ́ sílẹ̀, a sì padà di afẹ́fẹ́, méjì yòókù nìkan ni yóò wọnú okùn. Bíbọ́ tí ó bọ́ yẹn gan-an ni ó ń fún ìsopọ̀ náà lágbára.

Oníbodè tí kò bá ní ọ̀gá yóò ba ìlú jẹ́, tirẹ̀ sì ní ọ̀gá púpọ̀. Bí oúnjẹ bá pọ̀, tí citrate, ásíìdì tí ó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, bá sì kún inú sẹ́ẹ̀lì, a ṣí ẹnu ibodè gbayawu. Bí ọ̀rá gígùn bá ti kó jọ púpọ̀, a tì í. D. Grahame Hardie àti Philip Cohen, ní Yunifásítì Dundee ní ilẹ̀ Scotland, ya ẹ́ńsáìmù yìí sọ́tọ̀ ní mímọ́ láti inú ọmú ehoro tí ó ń tọ́ ọmọ ní ọdún 1978, wọ́n sì rí i pé èròjà phosphate kékeré kan wà tí a lè lẹ̀ mọ́ ọn lára láti fi dá a lọ́wọ́ kọ́, tí a sì lè ṣí kúrò kí ó tún máa ṣiṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni Hardie àti Michael Munday fi ebi pa àwọn eku tí ń tọ́ ọmọ fún ìwọ̀n ọjọ́ kan, phosphate yìí pọ̀ sí i lára ẹ́ńsáìmù ọmú wọn, iṣẹ́ ọ̀rá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró pátápátá. Wọ́n fún wọn ní oúnjẹ padà, kò sì ju wákàtí díẹ̀ lọ tí ibodè tún fi ṣí. Ẹ́ńsáìmù tí ń lẹ phosphate yìí mọ́ ọn, tí wọ́n sọ ní orúkọ AMPK ní ọdún 1988, ni ó ń ṣọ́ ìwọ̀n agbára tí ó kù nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí agbára bá ń tán, òun ni í pàṣẹ pé kí a má fi ìwọ̀nba tí ó kù ṣe ọ̀rá. Nítorí náà, ebi tí ó pa ìyá ń dé inú ọmú kíákíá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ lè má mọ̀, nítorí pé ọ̀nà kìíní, ti ẹ̀jẹ̀, ṣì ń gbé ọ̀rá ìbàdí ìyá wá fún un.

Ègé tí oníbodè bá ti fi àmì sí a bọ́ sọ́wọ́ ẹ́ńsáìmù kejì, fatty acid synthase, àgbà òṣìṣẹ́, aríṣẹ́-méje-ṣe-pọ̀. Ńlá ni, bàbàrà méjì tí wọ́n jọra ni wọ́n ń dìrọ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi iṣẹ́ oríṣiríṣi lára. Ní ọdún 2006 àti 2008, Timm Maier, Nenad Ban àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Zurich ní ilẹ̀ Switzerland fi ìtànṣán X yàwòrán ti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ́ńsáìmù náà ní apá kan tí ó rọ̀, tí ń dì mọ́ okùn ọ̀rá tí ó ń dàgbà, tí ó sì ń gbé e láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn láì jẹ́ kí ó bọ́. Kábọ́ọ̀nù méjì ni okùn fi ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí apá yẹn bá yí po, méjì tún lé. Nígbà tí ó bá yí po lẹ́ẹ̀méje, kábọ́ọ̀nù ti di 16, ibi iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn lára ẹ́ńsáìmù náà yóò sì já okùn sílẹ̀. Ọ̀rá oníkábọ́ọ̀nù 16 yìí ni palmitic acid. Òun ni ẹ̀dọ̀ wa ń ṣe, òun ni ibi ìfipamọ́ ọ̀rá lára wa ń ṣe, òun náà sì ni ó pọ̀ jù nínú epo pupa wa, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ọ̀rá tí ó wà nínú rẹ̀.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ọmú ti yà kúrò nínú ti ìyókù ara. Bí ẹ bá yẹ omi ọmú wò, ẹ óo bá ọ̀rá gígùn níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ óo tún bá ọ̀rá tí okùn wọn dúró ní kábọ́ọ̀nù 10, 12 àti 14, àwọn tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ní ibòmíràn lára ènìyàn. Ta ni ó gé wọn kúrú? Nínú ọmú ehoro àti ti eku ni wọ́n ti rí ìdáhùn, ní àwọn ọdún 1970: Raymond Dils àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Stuart Smith ní ìlú Oakland ní California, bá ẹ́ńsáìmù kékeré kan pàdé, thioesterase II, tí kò sí lára àgbà òṣìṣẹ́ yẹn rárá, tí ó ń rìn kiri fúnra rẹ̀. Kì í dúró de ìgbà tí okùn yóò pé 16. A yọ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, a já a gbà ní 8, ní 10, ní 12, a sì jẹ́ kí àgbà òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nítorí rẹ̀ ni ó fi jẹ́ pé 8 àti 10 ni ó gba ilẹ̀ kan nínú ọ̀rá wàrà ehoro. Ewúrẹ́ àti màlúù kò ní in. Nínú tiwọn, àgbà òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó mọ bí a ti í já okùn kúrú sílẹ̀, títí kan èyí tí kò ju 4 lọ, tí ó ń mú kí bọ́tà tí ó ti bàjẹ́ máa rùn. Michel Eugène Chevreul, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó lo ọdún 102 láyé, ni ó kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rá kúkúrú wọ̀nyí sọ́tọ̀ nínú bọ́tà, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1823. Ewúrẹ́ ni wọ́n sì fi sọ mẹ́ta nínú wọn lórúkọ, nítorí òórùn òbúkọ tí ó wà lára wọn.

Èyí tí ó jẹ́ 12 nínú àwọn ọ̀rá wọ̀nyí ni lauric acid. Ilé ta ni a tún ti ń bá a? Nínú àdín ni, àdín dúdú, èèwọ̀ Èṣù, tí ìyá àgbà fi ń pa ọmọ tuntun lára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ọ̀rá inú àdín. Ojú ẹyìn kan náà ni ọ̀pẹ ti ń so méjèèjì: epo oní-16 wà lára ẹyìn, àdín oní-12 sì wà nínú èkùrọ́, nítorí pé ẹ́ńsáìmù tí ń já okùn nínú èkùrọ́ kì í ṣe irú èyí tí ń já a lára ẹyìn. Ọgbọ́n tí ọ̀pẹ fi ń ṣe àdín ní àárín eésan ni ọmú abiyamọ fi ń ṣe tirẹ̀ ní àyà, láì jẹ́ pé ìyá náà tọ́ àdín wò.

Ọmọ jòjòló ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọ̀rá gígùn ní láti bá omi òróǹro pàdé, kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n tún un dì, kí ó tó bá ọ̀nà jíjìn dé inú ẹ̀jẹ̀; ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rá tí ó kúrú yìí, pàápàá 8 àti 10, ẹ́ńsáìmù inú ikùn ọmọ tètè ń tú wọn, wọ́n sì ń gba iṣan kúkúrú lọ sí ẹ̀dọ̀ tààrà, níbi tí ara ti ń jó wọn kíákíá fún agbára. Òun ni àwọn oníṣègùn ṣe ń fi irú rẹ̀, tí wọ́n yọ láti ara àgbọn tàbí àdín, kún oúnjẹ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé.

Njẹ́ oúnjẹ ìyá a máa yí iye àdín inú ọmú padà bí? Ní Rockefeller Institute ní New York, William Insull àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìyá kan tí ń fún ọmọ lọ́mú sí abẹ́ ìtọ́jú, wọ́n ń wọn gbogbo ohun tí ó ń jẹ, wọ́n sì ń yẹ omi ọmú rẹ̀ wò. Ọdún 1959 ni ìròyìn wọn jáde. Nígbà tí wọ́n fún un ní òróró àgbàdo púpọ̀, ọ̀rá omi ọmú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jọ òróró àgbàdo. Nígbà tí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù, ó ń jọ ọ̀rá tí ó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ ọ̀rá kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní oúnjẹ yòókù ní àjẹyó àti àjẹṣẹ́kù, ọ̀rá 12 àti 14 ru sókè. Nígbà tí àwọn oníwádìí sì yẹ omi ọmú àwọn ìyá Nàìjíríà wò, tí wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀rá kúkúrú wọ̀nyí pọ̀ níbẹ̀ ju ti àwọn ìyá Yúróòpù lọ, ohun tí kò gbọdọ̀ ya ẹni tí ó mọ iye ẹ̀bà, àmàlà àti ẹ̀kọ tí ń bẹ nínú àwo abiyamọ lẹ́nu.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, n óo ní àwọn ìyá wa rí apá kan òtítọ́ náà. Kì í ṣe ẹ̀kọ ni ó ń pe omi. Ẹnu ọmọ ni ó ń pè é, nítorí pé bí ọmọ bá ti ń mu tó ni ọmú ń ṣe tó, ìyá tí ó bá sì fi ọmú pamọ́ fún ọmọ, ẹ̀kọ agbada mẹ́ta kò ní gbà á. Àròpọ̀ ọ̀rá náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà nítorí oúnjẹ. Irú ọ̀rá ni í yí. N óo sì tún fi kún un pé ọ̀rá kan wà tí ọmú kò lè fi ẹ̀kọ ṣe láéláé, àwọn ọ̀rá inú ẹja tí ọpọlọ ọmọ ń lò, tí ó jẹ́ pé àfi kí wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ wọlé; ìyá àgbà tí ó bá bu ẹ̀kọ láì fi ẹja sí ọbẹ̀ ọ̀sán ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Àṣẹ tí ń jí gbogbo àwọn ẹ́ńsáìmù yìí lójú oorun kì í dún títí ibi ọmọ yóò fi jáde. Ní gbogbo ìgbà oyún ni progesterone, omi ara tí ibi ọmọ ń dà sínú ẹ̀jẹ̀, ti ń dì wọ́n lọ́wọ́. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, prolactin àti ínsúlínì a rí àyè, àwọn ẹ́ńsáìmù a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, òun ni omi ọmú àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ kò fi lọ́ràá tó ti ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, tí ọ̀rá kúkúrú inú rẹ̀ kò sì tíì pọ̀. Èròjà kan tún wà nínú sẹ́ẹ̀lì, Spot 14 ni orúkọ rẹ̀, tí ó ń ti àgbà òṣìṣẹ́ náà lẹ́yìn: eku tí wọ́n bí láìní in a máa bímọ, a sì máa fún ọmọ lọ́mú, ṣùgbọ́n ọ̀rá kúkúrú wàrà rẹ̀ dínkù, àwọn ọmọ tí ó bá mu ún kì í sì í sanra tó ẹgbẹ́ wọn.

Ó ku ti màlúù, tí tirẹ̀ yí gbogbo ohun tí mo ti sọ padà. Ìyẹ̀fun tí ń fi ọ̀rá kúkúrú kún ọmú obìnrin, bí a bá fi í rọ màlúù yó, tí a sì dín koríko rẹ̀ kù, ọ̀rá wàrà rẹ̀ ni yóò já wálẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn olówò wàrà ti ń rí i tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀, títí Dale Bauman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell fi fi hàn, ní ọdún 2000, pé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ a máa mú kí àwọn kòkòrò inú àpòlúkù ṣe ọ̀rá ṣíṣàjèjì kan tí wọ́n ń pè ní trans-10, cis-12. Gíráàmù 10 péré rẹ̀ lójúmọ́, tí wọ́n dà sínú ikùn màlúù kọ̀ọ̀kan, já ọ̀rá wàrà rẹ̀ wálẹ̀ ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ. Ọ̀rá náà a bá ẹ̀jẹ̀ dé inú ọmú, a sì pa oníbodè, àgbà òṣìṣẹ́ àti lipoprotein lipase lẹ́nu mọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Màlúù àwọn Fúlàní tí ń jẹ̀ kiri nínú igbó wa, tí a ń ra wàrà wọn lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn àti Ọ̀yọ́, kì í sábà kó sí ìyọnu yìí, nítorí pé koríko ni wọ́n ń rí jẹ jù. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀n ọ̀rá sanwó fún olówò wàrà, bí ọ̀rá bá dínkù nínú wàrà agbo màlúù kan, gígùn koríko tí wọ́n gé sí ibùjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.